9.79 méjì, góòlù kan: bí wọ́n ṣe ń mọ ẹni tó borí nínú eré 100 mítà

Ní alẹ́ ọjọ́ 4 oṣù Kẹjọ ọdún 2024, ní pápá Stade de France lẹ́bàá ìlú Paris, ọkùnrin mẹ́jọ sá àṣekágbá eré 100 mítà ti ìdíje Òlíḿpíìkì. Bí wọ́n ṣe kọjá ìlà, kò sẹ́ni tó mọ ẹni tó ṣe ipò kìíní. Àwọn tó sá eré náà pàápàá ò mọ̀. Noah Lyles ti Amẹ́ríkà lọ bá Kishane Thompson ti Jàmáíkà, ó ní ó jọ pé Thompson ló gbà á. Gbogbo èrò ń wo bọ́ọ̀dù. Nígbà tí èsì jáde, orúkọ Lyles ló wà lókè, 9.79 ló wà níwájú rẹ̀. Ti Thompson tẹ̀lé e, 9.79 náà ni.

Láti ìgbà yẹn ni mo ti ń gbọ́ oríṣiríṣi ọ̀rọ̀ lẹ́nu àwọn tó wo eré náà. Àwọn kan ní tí àkókò bá ti dọ́gba, kí wọ́n pín góòlù sí méjì. Àwọn kan ní àwọn fi ojú ara àwọn rí ẹsẹ̀ Thompson tó kọ́kọ́ kọjá ìlà, pé ńṣe ni wọ́n rẹ́ ọmọ Jàmáíkà jẹ. Àwọn mìíràn ò tiẹ̀ gbà pé ẹni tó gbẹ́yìn nígbà tí ìbọn dún lè padà wá ṣíwájú kí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá tó pé. Ìbéèrè gidi ni gbogbo rẹ̀. Ó dá mi lójú pé Lyles ló borí, kò sì sí ojúsàájú kankan níbẹ̀. Àmọ́ ohun tí wọ́n ń wọ̀n nínú eré yìí yàtọ̀ sí ohun tí ojú wa ń wò, ibẹ̀ sì ni gbogbo ìdàrúdàpọ̀ náà ti ń wá.

Àkókò méjèèjì ò dọ́gba

Nọ́ńbà tó ń hàn lórí bọ́ọ̀dù kọ́ ni gbogbo ohun tí aago kà. Aago àwọn ìdíje ńlá máa ń pín ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo sí ọ̀nà ẹgbẹ̀rún. Tí a bá wò ó bẹ́ẹ̀, 9.784 ni Lyles sá, 9.789 ni Thompson sá. Ìdá márùn-ún nínú ẹgbẹ̀rún ló wà láàárín wọn. Pẹ̀lú bí eré wọn ṣe le tó nígbà tí wọ́n fi dé ìlà, ìyẹn ò ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 6 lọ. Kò tó ìbú ìka mẹ́rin.

Nígbà tí wọ́n bá fẹ́ kọ èsì sílẹ̀, ìdá ọgọ́rùn-ún ni wọ́n máa ń kọ, òfin sì ní òkè ni kí wọ́n máa gbé e lọ nígbà gbogbo. Èyí yàtọ̀ sí ìṣirò tí wọ́n kọ́ wa ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, níbi tí 4 ti máa ń já dànù, tí 5 sì máa ń gòkè. Nínú eré sísá, 9.781 á di 9.79, 9.789 náà á di 9.79. Ìdí rẹ̀ ni pé aago ò gbọdọ̀ kọ sílẹ̀ fún èèyàn pé ó yára ju bó ṣe sáré gan-an lọ. Tí ohun tí wọ́n kọ bá wá jọra, wọ́n á padà sí ìdá ẹgbẹ̀rún láti fi mọ ẹni tó ṣíwájú.

Gbígbé e sókè yìí ti dá wàhálà sílẹ̀ rí. Ní ọjọ́ 12 oṣù Karùn-ún ọdún 2006, ní Doha, wọ́n kéde pé Justin Gatlin ti Amẹ́ríkà sá 9.76, pé ó ti fọ́ àkọsílẹ̀ àgbáyé, 9.77, tó wà lọ́wọ́ Asafa Powell ti Jàmáíkà. Ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn náà ni àwọn tó ń mójú tó aago yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n rí i pé 9.766 ni ẹ̀rọ kà. Wọ́n ti já 6 yẹn dànù dípò kí wọ́n gbé e sókè. Bó ṣe di 9.77 nìyẹn, tí Gatlin kàn bá Powell dọ́gba. Nígbà tó yá, wọ́n fagi lé gbogbo rẹ̀ nítorí oògùn tí òfin kà léèwọ̀. Nínú eré yẹn kan náà ni Olúṣọjí Fásuba ti Nàìjíríà ti ṣe ipò kejì, tó sá 9.85. Àkọsílẹ̀ ilẹ̀ Áfíríkà ló jẹ́ fún ọdún 15, kí Akani Simbine ti Gúúsù Áfíríkà tó sá 9.84 lọ́dún 2021, tí Ferdinand Omanyala ti Kẹ́ńyà sì sọ ọ́ di 9.77 lọ́dún kan náà. Ó máa ń dùn mí pé àwọn ọ̀dọ́ wa tó mọ orúkọ Bolt lórí ò mọ orúkọ Fásuba.

Ṣé ó ṣeé ṣe kí ìdá ẹgbẹ̀rún náà dọ́gba? Ó ti ṣẹlẹ̀ rí. Lọ́dún 2012, níbi tí Amẹ́ríkà ti ń yan àwọn obìnrin tó máa lọ sí Òlíḿpíìkì London, Allyson Felix àti Jeneba Tarmoh jọ wà ní ipò kẹta nínú eré 100 mítà, 11.068 ni àwọn méjèèjì sá. Àyè kan ló kù. Àwọn aláṣẹ eré sísá Amẹ́ríkà ò ní òfin kankan nílẹ̀ fún irú rẹ̀, àfi ìgbà tí wọ́n sáré kọ ọ́. Wọ́n fẹ́ kí àwọn méjèèjì tún un sá, ṣùgbọ́n Tarmoh yọwọ́, Felix ló lọ. Tó bá jẹ́ àṣekágbá Òlíḿpíìkì ló ti ṣẹlẹ̀, àwọn méjèèjì ni wọn ì bá fún ní àmì ẹ̀yẹ. Torí náà, àwọn tó ní kí wọ́n pín góòlù Paris ò sọ ohun tí kò lè ṣẹlẹ̀. Ó kàn jẹ́ pé 784 àti 789 kì í ṣe ohun kan náà.

Ẹsẹ̀ kọ́ ni wọ́n ń wò

Òótọ́ ni pé ẹsẹ̀ Thompson ló kọ́kọ́ kọjá ìlà. Ẹni tó rí i kò parọ́. Ṣùgbọ́n òfin ò ka ẹsẹ̀ sí, kò ka ọwọ́ sí, kò ka orí àti ọrùn sí. Igbá ara nìkan ló ń kà: láti èjìká títí dé ìbàdí. Ìgbà tí ibikíbi lára igbá ara yìí bá dé etí ìlà tó kọjú sí àwọn tó ń sáré bọ̀ ni eré onítọ̀hún parí.

Kò ṣòro láti rí ọgbọ́n tó wà nídìí òfin yìí. Nígbà tí èèyàn bá ń sáré, ẹsẹ̀ kan wà níwájú, ìkejì wà lẹ́yìn, wọ́n sì ń pààrọ̀ ipò ní gbogbo ìgbà. Àwọn méjì lè wà ní ojú kan náà gan-an kí ẹsẹ̀ ọ̀kan ṣẹ̀ṣẹ̀ nà jáde nígbà tí ti ìkejì ti padà sẹ́yìn. Tó bá jẹ́ ẹsẹ̀ ni wọ́n ń wò, orí ìgbésẹ̀ tó bọ́ sí ni èèyàn á fi gba góòlù. Ọwọ́ náà ń lọ ó ń bọ̀. Igbá ara nìkan ló ń lọ síwájú láìpadà sẹ́yìn.

Ìdí nìyí tí wọ́n fi máa ń tẹ àyà síwájú tí wọ́n bá ti fẹ́ dé ìlà. Iṣẹ́ ńlá ni, wọ́n sì máa ń fi kọ́ra. Ẹni tó bá tètè tẹ̀ á pàdánù ìgbésẹ̀ rẹ̀, eré rẹ̀ á rọ̀. Ẹni tó bá pẹ́ kó tó tẹ̀, àyà rẹ̀ á dé lẹ́yìn àkókò. Orí ìgbésẹ̀ tó kẹ́yìn ni Lyles ti tẹ àyà, kò yá jù, kò sì pẹ́ jù.

Òfin náà ò rí báyìí látilẹ̀. Ní Los Angeles lọ́dún 1932, gbogbo igbá ara ló gbọ́dọ̀ kọjá ìlà tán kí wọ́n tó ka èèyàn sí ẹni tó dé. Eddie Tolan àti Ralph Metcalfe, ọmọ Amẹ́ríkà méjèèjì, jọ wọlé, aago ọwọ́ kọ 10.3 fún àwọn méjèèjì, fíìmù ni wọ́n sì wò kí wọ́n tó fún Tolan ní góòlù. Lábẹ́ òfin ìgbà yẹn, kéèyàn kọ́kọ́ fi àyà kan ìlà ò tíì tó.

Àwòrán tó ń da ojú rú

Àwòrán ìparí eré Paris yẹn tàn káàkiri ayé lálẹ́ ọjọ́ náà, òun gan-an ló sì mú kí àríyànjiyàn náà le sí i. Ẹni tó bá wò ó rí bàtà tó gùn ju bó ṣe yẹ lọ, ẹsẹ̀ tó wọ́, ara tó tẹ̀ síwájú bí ẹni tó fẹ́ ṣubú, gbogbo rẹ̀ lórí ilẹ̀ funfun báláú tí kò ní òǹwòran kankan lẹ́yìn. Àwọn kan tiẹ̀ ní wọ́n ti fi kọ̀ǹpútà yí i padà. Wọn ò yí i. Bí kámẹ́rà náà ṣe ń ríran nìyẹn.

Fóònù wa máa ń ya odindi ibi kan lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Kámẹ́rà ibi ìlà kò rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n ti ká a mọ́ orí ìlà ìparí, kò rí ohun tó wà ṣáájú rẹ̀, kò rí ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ńṣe ló dà bí ẹni tó ń yọjú láti ihò tín-ín-rín ara ilẹ̀kùn nígbà tí àwọn èèyàn ń kọjá lọ lójú títì: imú ni yóò kọ́kọ́ rí, lẹ́yìn náà ẹ̀rẹ̀kẹ́, lẹ́yìn náà etí, kò ní rí odindi ẹnì kan lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Kámẹ́rà tí wọ́n lò ní Paris lè ya irú àwòrán tín-ín-rín bẹ́ẹ̀ tó 40,000 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Kọ̀ǹpútà á wá tò wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, wọ́n á di àwòrán gbọọrọ kan.

Ohun tó yẹ ká dì mú níbí ni pé gbogbo ojú àwòrán náà, láti apá kan dé ìkejì, ìlà ìparí ni. Ìdí tí ẹ̀yìn rẹ̀ fi funfun nìyẹn: ìlà funfun yẹn kan náà ló ya lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta, nígbà àìmọye. Ohun tó ń yí padà bí ojú ṣe ń lọ láti apá kan sí ìkejì ni àkókò. Tí ẹ bá rí ẹnì kan níwájú ẹlòmíràn nínú àwòrán yẹn, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ó ti dé orí ìlà kí ẹnì kejì tó dé ibẹ̀.

Bàtà gígùn yẹn náà ti wá yé wa. Nígbà tí ẹsẹ̀ ẹnì kan bá tẹ orí ìlà gan-an, ó máa dúró síbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ kó tó gbéra. Ní gbogbo ìgbà tó fi dúró, kámẹ́rà ń ya bàtà kan náà, bàtà náà á sì máa gùn sí i nínú àwòrán. Ọwọ́ tó fò kọjá fìrì, tín-ín-rín ló máa hàn. Kò sí ohun tó ṣe ẹnikẹ́ni lẹ́sẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni iṣẹ́ èèyàn tó bẹ̀rẹ̀. Adájọ́ kan á jókòó síwájú kọ̀ǹpútà, á fa ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan sọ̀ kalẹ̀ nínú àwòrán náà, á máa sún un díẹ̀díẹ̀ títí tí yóò fi kan ibi tó ṣíwájú jù lọ lára igbá ara ẹni tó ń wò. Ibi tó bá dá a dúró sí ni kọ̀ǹpútà máa ka àkókò rẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ mọ èjìká yàtọ̀ sí apá, kó sì mọ ibi tí ọrùn parí sí. Wọ́n máa ń gbé kámẹ́rà sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì pápá, kí ẹni tó wà nítòsí má bàa bo ẹni tó wà lọ́nà jíjìn. Nígbà tí gbogbo wa ń wo bọ́ọ̀dù lálẹ́ ọjọ́ yẹn, tí inú ń bí àwọn kan pé èsì pẹ́, iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe lọ́wọ́ nìyí, mo sì mọ rírì ẹni tó ṣe é. Sẹ̀ǹtímítà 6 ló ń wá láàárín àwọn ọkùnrin mẹ́jọ tó ń fò kọjá tẹ̀lé ara wọn.

Ìbọn dún, ta ló kọ́kọ́ gbọ́?

Irin tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ tì níbẹ̀rẹ̀ eré ní ẹ̀rọ nínú. Ó mọ ìgbà gan-an tí ẹsẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tì í. Ìbọn pàápàá kì í ṣe ìbọn mọ́ ní àwọn ìdíje ńlá. Ẹ̀rọ ni, ó sì so mọ́ aago. Ẹ̀yìn olúkúlùkù olùdíje ni wọ́n gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn kékeré sí, kí ohùn náà lè dé etí gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà.

Ẹ má fojú kéré ẹ̀rọ gbohùngbohùn yẹn. Ìbú ojú ọ̀nà kọ̀ọ̀kan lórí pápá jẹ́ mítà 1.22. Ojú ọ̀nà kẹrin ni Thompson wà, Lyles wà ní ìkeje, ìyẹn ni pé mítà 3.66 ló wà láàárín wọn. Ohùn ń rin nǹkan bíi mítà 340 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ká ní bíi ti àtijọ́ ni, tí ẹnì kan dúró sí ẹ̀gbẹ́ ojú ọ̀nà kìíní tó yin ìbọn, ohùn náà ì bá fi nǹkan bí ìdá mọ́kànlá nínú ẹgbẹ̀rún pẹ́ kó tó ti ọ̀dọ̀ Thompson dé ọ̀dọ̀ Lyles. Ìlọ́po méjì ohun tó fi borí ni ìyẹn, àní ó lé díẹ̀. Bí wọ́n bá ti sá eré kan náà láìsí gbohùngbohùn yẹn, ó ṣeé ṣe kí góòlù wà ní Jàmáíkà lónìí.

Níbi ìdíje ilé ẹ̀kọ́ wa, olùkọ́ tó mú aago ọwọ́ dání níbi ìlà gbọ́dọ̀ wo èéfín ìbọn ni, kó má dúró de ìró rẹ̀, torí ìró á ti fi nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá pẹ́ kó tó rin 100 mítà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn àgbà tó ń sọ pé àwọn sá 10.4 nígbà èwe àwọn, bóyá irú aago bẹ́ẹ̀ ló kà á fún wọn. Kódà bí olùkọ́ bá wo èéfín, ọwọ́ èèyàn ò yá tó ẹ̀rọ. Nígbà tí wọ́n bá fẹ́ fi àkókò aago ọwọ́ wé ti ẹ̀rọ nínú eré 100 mítà, 0.24 ni wọ́n máa ń fi kún un. Láti ọdún 1977 ni wọn ò ti gba àkọsílẹ̀ àgbáyé aago ọwọ́ wọlé mọ́ fún eré yìí.

Àwọn tó mọ̀ nípa ara gbà pé kò sí bí etí ṣe lè gbọ́, kí ọpọlọ ránṣẹ́, kí ẹsẹ̀ sì tì, kó má gba tó 0.1 ìṣẹ́jú àáyá. Torí náà, ẹni tí ẹ̀rọ bá ká pé ó gbéra kí 0.100 tó pé, wọ́n á ní kò dúró gbọ́ ìbọn, pé ó méfò ni. Títí di ọdún 2002, wọ́n máa ń dárí ji olúkúlùkù lẹ́ẹ̀kan. Láti 2003, ìdáríjì kan ṣoṣo ló wà fún gbogbo àwọn tó wà lórí ìlà. Láti 2010, kò sí ìdáríjì mọ́. Ẹ rántí Daegu, 2011: Usain Bolt fò kí ìbọn tó dún nínú àṣekágbá, wọ́n ní kó máa lọ, Yohan Blake ló gba góòlù. Ní Tokyo ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025, Letsile Tebogo ti Botswana náà bá a lọ bẹ́ẹ̀.

Èyí tó dùn mí jù lọ nínú gbogbo rẹ̀ ni ti Devon Allen, ọmọ Amẹ́ríkà tó ń sá eré 110 mítà afigifò. Ní Oregon lọ́dún 2022, níbi tó ti lọ sí yunifásítì, níwájú àwọn èèyàn rẹ̀, ẹ̀rọ kà á ní 0.099 nínú àṣekágbá ìdíje àgbáyé. Ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ló ṣẹ́kù kó tó pé, wọ́n sì lé e kúrò lórí pápá. Èmi ò gbà pé ara gbogbo èèyàn ló ní ààlà kan náà, ó sì yẹ kí wọ́n tún òfin yẹn yẹ̀ wò.

Ní Paris, Fred Kerley ló kọ́kọ́ gbéra dáadáa: 0.108. Thompson gbéra ní 0.176, Lyles ní 0.178. Àkókò ìgbéra yìí wà nínú ohun tí aago kọ. Tí ẹ bá yọ ọ́ kúrò, ẹ ó rí i pé nǹkan bíi 9.606 ni Lyles fi sáré gan-an, Thompson fi 9.613, Kerley tó gba idẹ pẹ̀lú 9.81 sì fi nǹkan bíi 9.70. Kerley ló jí jù, ṣùgbọ́n òun kọ́ ló yára jù.

Ẹni tó gbẹ́yìn ṣe wá ṣíwájú?

Ní 30 mítà, Lyles ló gbẹ́yìn nínú àwọn mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ. Tí a bá ń wò ó lórí tẹlifíṣọ̀n, á dà bíi pé ó tún eré ki mọ́lẹ̀ lópin. Kò rí bẹ́ẹ̀. Kò sí ọmọ aráyé tó ń fi kún eré rẹ̀ ní 20 mítà tó kẹ́yìn. Gbogbo wọn ni eré wọn ń rọ̀, ẹni tí tirẹ̀ bá rọ̀ níwọ̀nba ló máa ń dà bíi pé ó ń fò kọjá àwọn yòókù.

Ẹ wo eré Bolt ní Berlin, ọjọ́ 16 oṣù Kẹjọ ọdún 2009, 9.58, tí ẹnikẹ́ni ò tíì sá jù ú lọ. 20 mítà àkọ́kọ́ gbà á ní 2.89, torí láti orí ìdúró ló ti bẹ̀rẹ̀. Láti 60 sí 80 mítà, 1.61 péré ni; ibẹ̀ ni eré rẹ̀ ti le jù. Láti 80 sí 100, ó di 1.66. Bolt fúnra rẹ̀ ń rọ̀ nígbà tó ń fọ́ àkọsílẹ̀. Eré Lyles pẹ́ kó tó dé góńgó, àmọ́ tó bá débẹ̀, kì í tètè já, ó sì jẹ́ ẹni tó mọ eré 200 mítà sá dáadáa. Ìyẹn ló fi lé Thompson bá.

Atẹ́gùn

Iye kan máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ èsì, tó ní àmì ìròpọ̀ tàbí àmì ìyọkúrò níwájú. Ti Paris jẹ́ +1.0. Atẹ́gùn ni: ó ń fẹ́ láti ẹ̀yìn wọn ní mítà kan láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Tó bá ju +2.0 lọ, ẹni tó borí ṣì borí, ṣùgbọ́n wọn ò ní ka àkókò rẹ̀ sí àkọsílẹ̀.

Ọmọ tiwa ni àpẹẹrẹ tó dára jù lọ fún èyí. Ní Oregon lọ́dún 2022 kan náà, Tóbi Amúsàn, ọmọ Ìjẹ̀bú Òde, sá 100 mítà afigifò àwọn obìnrin lẹ́ẹ̀mejì lọ́jọ́ kan. Nínú ìpele tó ṣáájú àṣekágbá, ó sá 12.12, atẹ́gùn +0.9, àkọsílẹ̀ àgbáyé tuntun. Nínú àṣekágbá, ó sá 12.06, ó gba góòlù, ṣùgbọ́n atẹ́gùn jẹ́ +2.5. Èyí tó yára jù nínú méjèèjì ni wọn ò kà. Ẹ tún gbọ́ pé lọ́dún 2011, lórí ètò tẹlifíṣọ̀n kan ní Jàpáánù, wọ́n gbé fáànù ńlá sẹ́yìn Gatlin, ó sì sá 9.45. Ẹ̀rín ni wọ́n fi rín, kò sẹ́ni tó kọ ọ́ sílẹ̀.

Àwọn lẹ́tà tó ń wà níwájú orúkọ

DQ ni pé wọ́n lé e kúrò. DNS ni pé kò jáde wá sá a. DNF ni pé ó bẹ̀rẹ̀, kò parí. Èyí tó kẹ́yìn yẹn ló wà níwájú orúkọ Enoch Adégòkè ní Tokyo lọ́dún 2021. Òun ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó dé àṣekágbá eré yìí ní Òlíḿpíìkì láti ọdún 25 ṣáájú ìgbà náà, iṣan ẹsẹ̀ rẹ̀ ló já a kulẹ̀ lójú ọ̀nà. Ẹni tó bá rí lẹ́tà mẹ́ta yẹn nìkan á rò pé kò rọ́wọ́ mú. Ó sá 10.00 kó tó lè débẹ̀.

Olápàdé Adéníkẹ̀ẹ́ ti dé irú ibẹ̀ ní Barcelona lọ́dún 1992, ó ṣe ipò kẹfà. Nàìjíríà ò tíì gba àmì ẹ̀yẹ kankan rí nínú eré 100 mítà àwọn ọkùnrin ní Òlíḿpíìkì.

Àmọ́ ẹ jẹ́ ká wo èsì ìdíje àgbáyé ti Tokyo, ọjọ́ 14 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025, pẹ̀lú gbogbo ohun tí a ti sọ. Atẹ́gùn +0.3, kò ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ tó bẹ́ẹ̀. Oblique Seville ti Jàmáíkà ló gba góòlù pẹ̀lú 9.77. Òun ló gbẹ́yìn ní Paris, pẹ̀lú 9.91, àkókò tí ẹni kẹjọ ò sá irú rẹ̀ rí. Eré Paris yẹn ni ìgbà àkọ́kọ́ tí gbogbo ẹni mẹ́jọ dé ìlà kí ìṣẹ́jú àáyá 10 tó pé nínú eré kan tí atẹ́gùn rẹ̀ bá òfin mu. Thompson tún gba fàdákà, 9.82. Lyles gba idẹ, 9.89. Kányinsọ́lá Àjàyí, ọmọ Nàìjíríà tó ń kàwé ní Yunifásítì Auburn, ṣe ipò kẹfà pẹ̀lú 10.00. Ìdá mọ́kànlá nínú ọgọ́rùn-ún ló wà láàárín òun àti idẹ, ìyẹn nǹkan bíi mítà kan àti díẹ̀ níbi ìlà. Àwọn tó jẹ́ ọ̀gá nínú eré yìí mọ ibi tí wọ́n ti ń rí irú ìdá bẹ́ẹ̀: díẹ̀ níbi ìgbéra, díẹ̀ láàárín 60 sí 80 mítà, ìyókù níbi títẹ àyà. Ọmọdé ṣì ni Àjàyí. Mo fẹ́ rí i lórí ìlà ní Los Angeles lọ́dún 2028.